Ọkùnrin Mẹ́ta Tí Gbọ́njúbọ́lá Fi Ẹnu Dá

Obìnrin tó ni ìtàn yìí wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó jókòó, ó mu omi, ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́, ẹ má sì fi orúkọ mi pamọ́. Gbangba ni wọ́n ti dójú ti ẹni tí mo ṣẹ̀. Kí ojú ti èmi náà ní gbangba."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí ó kàwé jù mí lọ. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá bẹ̀rẹ̀, òun a ti máa dá ara òun láre kí òun tó dé ìlà kẹwàá. Nítorí náà, èmi ni mo kọ ọ́, mi ò sì ní dá a láre.

Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì. Òun àti Mahfuz ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Mọ́níyà. Ọkọ ń lọ mọ́ṣáláṣí, ìyàwó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyanuolúwa ọmọ wọn ń jẹ ẹran Iléyá, ó sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ilé wọn tòrò.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n ra ilẹ̀ oko díẹ̀ ní Abà Lànà, abúlé kékeré kan tó yà kúrò lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Gbọ́njúbọ́lá gbin iṣu, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń lọ síbẹ̀. Àwọn ará abà sọ ọ́ ní Màmá Ọ́fíìsì, ó sì fẹ́ràn orúkọ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà fún un, Baálẹ̀ Ìyàndá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màmá, etí ọ̀nà ni oko yín wà, ẹ jẹ́ n sọ òfin wa fún yín. Ẹni tí ebi bá pa lójú ọ̀nà lè wa iṣu kan nínú oko yín, kó sun ún, kó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ gbé e lọ. Yóò kó èèpo rẹ̀ jọ síbi tí ojú yín á ti tó o, yóò sì bo orí iṣu padà sínú ebè kó lè tún ta. Bí ẹ bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ebi ni, kì í ṣe olè."

"Bí wọ́n bá wá pọ̀ ńkọ́, Baálẹ̀?"

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò tíì pọ̀ rí."

Gbọ́njúbọ́lá gbọ́ ọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n tẹnu mọ́ ọn: ó mọ òfin náà dáadáa.

Ká má purọ́, ayé ti ṣe é. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó wọ ọkọ̀ kan ní Òjóò láìmọ̀ pé olè ló kún inú rẹ̀. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n bọ́ òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í bọ́ sílẹ̀ nínú òjò. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àwọn kan gé odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ méje lọ. Kò sì sí àárọ̀ kan tí ìròyìn ajínigbé kì í dé sórí fóònù. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Gbólóhùn kan wá di orin lẹ́nu rẹ̀: "Èèyàn ò sunwọ̀n." Bí aládùúgbò bá rẹ́rìn-ín sí i, á ní kí ló ń wá. Bí ẹnì kan bá fún un ní nǹkan, á wò ó yí po.

Mahfuz a máa bi í pé, "Ìyá Ìyanu, àwọn mẹ́rin ló jà ọ́ lólè. Onítákísí tó gbé ọ délé nínú òjò láìgba kọ́bọ̀ ńkọ́, ṣé òun kì í ṣe èèyàn ni?"

"Ó fẹ́ mọ ilé wa ni," ni ìyàwó rẹ̀ á fi dá a lóhùn.

Abà Lànà ní àwọn ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́jọ tí Elijah káfíńtà jẹ́ olórí wọn. Gbọ́njúbọ́lá ti bẹ Elijah títí pé kí wọ́n máa yí dé ẹ̀gbẹ́ oko òun.

"A ò pọ̀ tó, Màmá," ni Elijah sọ. "Ibi tí èèyàn ń sùn sí là ń ṣọ́. Ẹ má bínú, a ò lè fi èèyàn sílẹ̀ ká lọ ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn ún dọ́kàn.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, ó dé oko ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ó rí eérú lábẹ́ igi ìyeyè tó wà létí ọ̀nà. Èèpo iṣu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eérú náà, wọ́n kó o jọ sórí ewé kan. Ó wo ebè tó sún mọ́ ibẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti kó erùpẹ̀ bò ó padà, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Iṣu kan péré ni.

Ó mọ ohun tó rí. Ó ní òun tilẹ̀ rántí ẹ̀rín Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú tó ru bò ó lójú kì í ṣe ti iṣu kan. Ìbínú ọkọ̀ Òjóò ni, ìbínú odi ọ̀gẹ̀dẹ̀ méje ni, ìbínú òrùka tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Gbogbo rẹ̀ ló kó lé èèpo iṣu yẹn lórí.

Ó padà sílé. Mahfuz ń múra àtiṣe àlùwàlá.

"Wọ́n ti jẹ iṣu mi lóko."

"Wọ́n gbé e lọ ni?"

"Wọ́n sun ún jẹ. Èèpo rẹ̀ ni mo bá."

"Ebi ló pa ẹnì kan nìyẹn. O ti ṣe sàráà láìmọ̀," ni Mahfuz wí, ó sì jáde lọ síbi omi.

Gbọ́njúbọ́lá mú fóònù. Àwọn ará abà ní gúrúùpù kan lórí Wásáàpù, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, títí kan Elijah. Ó fẹ́ sọ pé wọ́n jẹ iṣu òun. Ó wá rántí ẹ̀rín ọjọ́sí. Bó bá dárúkọ iṣu, wọ́n á tún rín in ni. Ọ̀rọ̀ tó máa gbé àwọn ẹ̀ṣọ́ dìde kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣu.

Ó gbé fóònù sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Abà Lànà, ẹ gbà mí o! Oko mi ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Ọkùnrin mẹ́ta ni mo fi ojú ara mi rí lábẹ́ igi ìyeyè! Wọ́n ń dáná, wọ́n ń sùn síbẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ajínigbé ni wọ́n! Elijah, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó wa lọ o!"

Bó ṣe gbójú sókè, Mahfuz ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lápá rẹ̀. Ó bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kan. Gbọ́njúbọ́lá gbé ìka kúrò lórí fóònù, ohùn náà sì lọ.

"Pa á rẹ́, Ìyá Ìyanu. Pa á rẹ́ kíá."

"Bàbá Ìyanu, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ta ló máa pa lára?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ohun tó ń ba Gbọ́njúbọ́lá lẹ́rù jù títí dòní ni pé kò kórìíra ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n bá a ṣọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni.

Ọkùnrin tó jẹ iṣu náà ń jẹ́ Fọlọ́runṣọ́. Ará Erúnmu ni, iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ló ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó ń gbẹ́ kànga fún àgbẹ̀ kan ní abà tó wà níwájú Abà Lànà. Ó wọ̀ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Mọ́níyà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ rìn bọ̀, nítorí owó ọ̀kadà ti di ohun tí tálákà ń wò lókèèrè. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀ ni ebi dá a dúró. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó tún ń kọjá lọ sílé, àpò rẹ̀ wà léjìká.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ba sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ Gbọ́njúbọ́lá. Ogúnlọ́gọ̀ ará abà ló sì wà lẹ́yìn wọn.

Wọ́n dá a dúró, wọ́n tú àpò rẹ̀. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Okùn pupa gígùn kan. Ọ̀pá irin. Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mọ́ orí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò! Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ajínigbé ń bọ̀, tó wá rí okùn àti irin.

"Irinṣẹ́ mi ni," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "Kànga ni mò ń gbẹ́."

"Ìwọ lo dáná lábẹ́ igi yẹn?"

"Èmi ni. Ebi ló pa mí lánàá. Mo kó èèpo rẹ̀ jọ."

Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́. Igi bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lé e lórí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó mú kí ìyà náà pẹ́. Wọn ò nà án nítorí iṣu. Wọ́n ń nà án kó lè sọ ibi tí àwọn méjì yòókù wà.

"Àwọn méjì yòókù dà?" Ó ní òun nìkan ni. Wọ́n nà án. "Ìbọn dà?" Ó ní òun kò ní ìbọn. Wọ́n nà án.

Èèyàn lè jẹ́wọ́ ohun tó ṣe kí ìyà lè tán. Báwo ni yóò ṣe mú ẹni tí kò sí jáde? Nígbà tó yá, Fọlọ́runṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dárúkọ. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀, ó dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́. Orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò lè lọ nà ló ń wá.

Ẹnì kan ti lọ wá táyà.

Ibẹ̀ ni Màmá Àmọ̀pé ti dé, ó ń bọ̀ láti oko rẹ̀. Màmá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Olórìṣà ni, ìlẹ̀kẹ̀ funfun kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Gbọ́njúbọ́lá kì í jẹ nǹkan rẹ̀. Màmá fún un ní àgbàdo sísè lẹ́ẹ̀kan rí. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì dà á nù nígbà tó yà ní kọ́nà.

"Kí ló ṣe?" ni Màmá bi wọ́n.

"Ajínigbé ni, Màmá. Ẹ máa lọ sílé."

"Ta ló jí gbé?"

"Inú oko Màmá Ọ́fíìsì ló ti dáná."

Màmá kọjá láàárín wọn, ó lọ síbi ebè. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka wa erùpẹ̀, ó fa orí iṣu yọ, ó gbé e padà wá síwájú wọn.

"Ẹ wò ó. Ó fi eérú pa ojú ibi tó gé, kó má baà jẹrà. Ajínigbé wo ló ń ro ti ẹ̀ẹ̀bù ọdún tó ń bọ̀ fún ẹni tó fẹ́ jí gbé?"

Àwọn kan dẹwọ́. Àwọn kan ò dẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, àti pé ẹni tó ti ń na èèyàn láti bí ìdajì wákàtí kì í fẹ́ gbọ́ pé òun ṣìnà. Màmá bá sùn lé ọkùnrin náà lórí. Ó na ara rẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú aṣọ oko àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí ọmọ tuntun ọjọ́ náà tilẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Elijah ti ju igi ọwọ́ rẹ̀. Kò lè fà á padà mọ́. Ọrùn ọwọ́ Màmá ló bà, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ nígbà tó kán.

Ariwo dáwọ́ dúró. Ohùn Màmá nìkan ló kù, ó ń sọ fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé, "Má mira. Mo wà níbí."

Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sí ọsibítù. Àwọn ọlọ́pàá mú Elijah lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọn ò sì fi Fọlọ́runṣọ́ sílẹ̀: ọlọ́pàá kan jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń dúró kó lajú kí òun lè bi í léèrè àwọn méjì yòókù.

Gbọ́njúbọ́lá gbọ́ ọ lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pa ohùn náà rẹ́ kúrò nínú gúrúùpù. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní òun ò fẹ́ kí àwọn ajínigbé dá ohùn òun mọ̀.

Mahfuz sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "O mọ ohun tó yẹ kí o ṣe."

"Màá ṣe é lọ́la."

Ọ̀la jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ìròyìn ti dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú rẹ̀. Pásítọ̀ pè é síwájú: "Arábìnrin wa tí Olúwa yọ lẹ́nu kìnnìún!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, obìnrin kan fi aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ òtítọ́ lórí pẹpẹ náà. Ó la ẹnu, orin ló sì jáde níbẹ̀. Ó jó.

Nígbà tó ròyìn ibi tó ti jó yìí fún mi, mo ní kó dákẹ́ ná. Mo jáde síta, mo sì pẹ́ kí n tó padà wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n pè é sí ilé Baálẹ̀ lọ́sàn-án. Mahfuz ló wa mọ́tò. Baálẹ̀ wà níjòkòó pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Wọ́n mú Elijah wá, ojú rẹ̀ ti wú. Màmá Àmọ̀pé jókòó sórí àpótí, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì di ọwọ́ rẹ̀. Obìnrin kan tí Gbọ́njúbọ́lá ò mọ̀ rí dìde, ó wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ìbídùnní ni, ìyàwó Fọlọ́runṣọ́. Ó na fóònù kékeré kan sí i, àwòrán ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nínú agbádá ọdún.

"Ẹ ṣàánú mi, Màmá. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ọkọ mi wà lára àwọn mẹ́ta tí ẹ rí?"

Ẹ wo ọ̀nà tó là sílẹ̀ fún un! Bó bá ní ọkùnrin yìí kò sí lára wọn, ọkọ obìnrin yìí di ẹni òmìnira, irọ́ tirẹ̀ sì wà níbi tó wà. Ó ní ó dà bíi pé Ọlọ́run ló ṣí i sílẹ̀. Èmi rò pé ẹlòmíràn ni.

Ó wo àwòrán náà pẹ́, bí ẹni pé ó ń fi í wé ojú ẹnì kan.

"Rárá o. Kò sí lára wọn. Àwọn yẹn kéré sí i."

Ìbídùnní dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó di ẹsẹ̀ Gbọ́njúbọ́lá mú, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúrà: "Ẹ ò ní rógun ọmọ. Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹ rí ibi. Èèyàn dáadáa ṣì wà láyé o!"

Gbọ́njúbọ́lá ní, "Àmín."

Elijah ló gbé orí sókè. "Màmá, bí kò bá sí lára wọn, àwọn mẹ́ta náà ṣì wà nínú igbó nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe rí? Ẹ sọ fún wa, ká lè mọ ẹni tí à ń wá."

"Mo ti sọ ọ́ nínú ohùn tí mo fi ránṣẹ́."

"Ẹ ti pa ohùn yẹn rẹ́."

Ọlọ́kadà kan wà níbẹ̀, Dọ̀tun lorúkọ rẹ̀, òun ló gbé Ìbídùnní wá. Ó fi ọwọ́ wọ àpò. "Ó wà lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gbé e sí gúrúùpù àwa ọlọ́kadà, gbogbo Mọ́níyà ló ti gbọ́ ọ."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì tẹ ohùn náà. Ohùn Gbọ́njúbọ́lá gba àgbàlá: ọkùnrin mẹ́ta, igi ìyeyè, ìbọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó wa lọ o. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ohùn dé ìparí nígbà tí wọ́n bá ti dárúkọ ìbọn? Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ti ń sáré wá igi kó tó parí. Òun tó sọ ọ́ gan-an kò padà gbọ́ ọ rí.

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó sáré. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Ní ìparí rẹ̀, ohùn ọkùnrin kan dún láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ó sì já gaara:

"Ìyá Ìyanu, ọkùnrin mẹ́ta wo? Ṣebí èèpo iṣu lo ní o rí?"

Wọ́n yí ojú sí Mahfuz. Mahfuz wo ilẹ̀.

"Tún un ṣe," ni ọlọ́pàá wí.

Dọ̀tun tún un ṣe. Ṣebí èèpo iṣu lo ní o rí?

Ìbídùnní ṣì wà nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ẹsẹ̀ Gbọ́njúbọ́lá. Ó ká ọwọ́ náà kúrò. Ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó gbọn eruku eékún rẹ̀, ó sì lọ dúró lẹ́yìn àpótí tí Màmá Àmọ̀pé jókòó lé. Gbọ́njúbọ́lá ní gbogbo èébú tí wọ́n bú òun lọ́jọ́ náà, òun ti gbàgbé wọn. Eruku tí obìnrin yẹn gbọ̀n nù lòun ṣì ń rí.

Màmá Àmọ̀pé nìkan ló bá a sọ̀rọ̀ láìpariwo.

"Ìyá Ìyanu, ṣé o rí i pé wọ́n ti bo ebè náà padà?"

"Mo rí i, Màmá."

"O sì mọ ohun tó jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Màmá mi orí.

Wọ́n mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó sun oorun ọjọ́ méjì níbi tí Elijah ti sùn. Fọlọ́runṣọ́ ló ránṣẹ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì pé òun kò fẹ́ ẹjọ́. Elijah lọ ń ro oko Màmá Àmọ̀pé títí ọwọ́ màmá fi san, kò sì di ẹ̀ṣọ́ mọ́. Gbọ́njúbọ́lá san owó ìwòsàn, ó sì jẹ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí pẹpẹ kan náà. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Ó lọ sí Erúnmu lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ bẹ Fọlọ́runṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìbídùnní dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ jáde, ó ní kó jókòó. Ó yí etí ọ̀tún sí i, nítorí ti òsì kò gbọ́ràn mọ́.

"Tí mo bá wà nísàlẹ̀ kànga báyìí, mi ò lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà lókè," ni ó wí. "Okùn ni wọ́n ń fà. Bí wọ́n bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n jáde kíá."

Gbọ́njúbọ́lá kúnlẹ̀. "Ṣé inú yín lè yọ́ sí mi láé?"

"Ẹ dìde, Màmá. Èmi náà jẹ iṣu yín kí n tó rí yín." Ó fọwọ́ kan etí òsì rẹ̀. "Mo bínú o. Mo bínú títí. Mo fẹ́ sọ pé gbogbo èèyàn ló burú. Ṣùgbọ́n tí mo bá dùbúlẹ̀, ojú ẹni tó sùn lé mi lórí ni mò ń rí. Wọn ò mọ̀ mí rí. Tí mo bá ní kò séèyàn rere mọ́, mo purọ́ mọ́ màmá yẹn nìyẹn. Ẹ sì rí ohun tí irọ́ ń dá sílẹ̀."

Ìbídùnní sọ̀rọ̀ láti inú ilé. "Ẹ sọ ti gaàrí fún wọn."

"Kì í ṣe nǹkan."

"Ẹ sọ ọ́."

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa orí. "Mò ń gbé gaàrí dání lọ síbi iṣẹ́ báyìí ni. Mi ò lè fọwọ́ kan oko olóko mọ́, bó ti wù kí ebi pa mí tó. Bí mo bá ti rí ebè, apá kejì ọ̀nà ni mò ń gbà."

Gbọ́njúbọ́lá sunkún. "Bí ẹ bá tún gba Abà Lànà kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wa iṣu mi. Ẹ wa iye tó bá wù yín."

"Ọ̀kan ni òfin sọ, Màmá," ni Fọlọ́runṣọ́ wí. "A ó máa wò ó."

Ó ti tó ọdún kan. Ní gbogbo ọdún náà, kò sẹ́ni tó dúró lábẹ́ igi ìyeyè yẹn. Àwọn èrò ọ̀nà ń gba apá kejì kọjá, wọn kì í wo oko náà lójú. Kódà wọn ò jẹ nínú oko àwọn ẹlòmíràn mọ́ ní Abà Lànà. Baálẹ̀ Ìyàndá sọ ọ́ lójú rẹ̀, láìbínú: "Mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé wọn ò pọ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì tán rí náà."

Gbogbo Sátidé ló ń wo abẹ́ igi náà kó tó wo iṣu rẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá jí gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun gbé, kò ní dun òun tó bí òfìfo ibẹ̀ yẹn ṣe ń dun òun.

Nínú oṣù kẹjọ tó kọjá yìí, ó dé oko láàárọ̀, ó rí eérú.

Ó fi eékún rìn dé ibẹ̀. Wọ́n ti kó èèpo iṣu jọ sórí ewé. Wọ́n ti bo ebè padà, wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka wa erùpẹ̀ bí Màmá Àmọ̀pé ti ṣe, ó kan orí iṣu, eérú wà lójú ibi tí wọ́n gé. Ó bò ó padà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo náà, wọ́n fi nǹkan kan sílẹ̀: ọ̀rá gaàrí kan tí wọn ò tú. Okùn pupa ni wọ́n fi di ẹnu rẹ̀.

Gaàrí náà wà nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Mọ́níyà títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mu ún. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń gbé abọ́ àti omi wá síwájú rẹ̀, òun á jókòó, òun á dì í mú, òun ò sì tíì lè tú okùn náà.